Ṣé kí a pa gbogbo ajá abúlé wa?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni mo jẹ́ ní abúlé àgbẹ̀ kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn. Lọ́jọ́ Ajé, ajá gé ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan jẹ lójúgun bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Ìyá àgbà rẹ̀ fi epo pupa àti eérú sí i, ojú egbò náà sì ti ń gbẹ. A ò mọ ẹni tó ni ajá náà ní pàtó. Ìyá alákàrà ló máa ń ju àkàrà tó bá jóná sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ti lù ú pa, wọ́n ti gbé e jù sígbó. Ní ìpàdé àná, Bàálẹ̀ ní kí a pa gbogbo ajá abúlé kó tó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Àwọn ọdẹ ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ajá àwọn yóò rí ìjà. Èmi náà ní ajá méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làásìgbò. Kí n tó sọ̀rọ̀ ajá, níbo ni ọmọ náà wà báyìí? Bí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ kankan, ẹ má tíì ka èyí tó kù. Ẹ wá ọ̀kadà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsẹ́yìn. Ẹ ó ka ìyókù lórí bẹ́ǹṣì níbi tí ẹ ti ń dúró de nọ́ọ̀sì.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: egbò ti ń gbẹ, ọmọ ń jẹun, ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Bí dìgbòlugi, àrùn ajá tí òyìnbó ń pè ní rabies, ṣe ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Inú itọ́ ajá ni kòkòrò rẹ̀ wà, eyín ló sì ń bá wọ inú ẹran ara. Tó bá ti wọlé, kì í bá ẹ̀jẹ̀ rìn bíi ti ibà. Inú iṣan tó so mọ́ ọpọlọ ló máa ń wọ́ gbà, díẹ̀díẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń lo oṣù kan sí mẹ́ta lọ́nà. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ kan péré rí, ó sì ti lò ju ọdún kan lọ rí. Ìrìn ìgbín yìí ni àǹfààní tí a ní, torí abẹ́rẹ́ lè yára jù ú lọ. Bó bá ti dé ọpọlọ, tí àmì yọ, ikú ni. Kò sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn rẹ̀, kò sí babaláwo tó ní i.

Dókítà ẹran ni mí, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti ẹni tó ní in lẹ́ẹ̀kan, nítorí wọ́n ní kí n wá wo ajá tó gé e jẹ. Òùngbẹ ń gbẹ ọkùnrin náà, ó na ọwọ́ sí ife omi fúnra rẹ̀. Bí ife ṣe sún mọ́ ètè rẹ̀ ni ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, gbogbo ọrùn rẹ̀ le gbagidi, ó sì ju ife náà nù. Afẹ́fẹ́ abẹ̀bẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ sí i náà ń dà á láàmú bákan náà. Láàárín èyí, orí rẹ̀ ṣì pé, ó ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbó bí ajá o. Irọ́ ni wọ́n ń pa pé ẹni tí ajá dìgbòlugi bá gé jẹ máa ń gbó, tàbí pé ó máa ń lóyún ọmọ ajá. Oṣù méjì ṣáájú, egbò ti tirẹ̀ náà ti gbẹ.

Kí ẹ tó gun ọ̀kadà, ẹ fọ egbò náà. Àní, pẹ̀lú pé ọjọ́ márùn-ún ti kọjá. Kí ẹnì kan máa da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹnì kejì máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ó gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ; ẹ wo aago, torí ẹni tó bá fojú bù ú kì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọṣẹ dúdú dára, ọṣẹ ìfọṣọ dára. Ọ̀rá ló bo kòkòrò náà lára, ọṣẹ sì ń bọ́ aṣọ ọ̀rá yẹn kúrò lára rẹ̀. Epo pupa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń bò ó mọ́lẹ̀ sínú egbò. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà, ìfẹ́ ọmọ ló mú un ṣe é, ẹ má ṣe bá wọn jà. Ẹ kàn fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ ti mọ̀ láti kékeré pé itọ́ ajá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ sára láìfọ̀, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ọṣẹ àti ìṣẹ́jú 15 ló kù.

Ní ilé ìwòsàn, ohun mẹ́ta ni kí ẹ sọ kí ẹ tó sọ ohunkóhun: ajá náà kò ní olówó tí ẹ mọ̀, ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n sì ti pa ajá náà. Nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́ iṣẹ́ á mọ̀ pé irú egbò tó léwu jù lọ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra o: bí wọ́n bá fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì nìkan tí wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé, ẹ má lọ. Ó yẹ kó gba tẹ́tánọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í ṣe dìgbòlugi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣìnà: “Dókítà, a ti gba abẹ́rẹ́.” Abẹ́rẹ́ wo?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi kì í ṣe ẹyọ kan. Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ gbà á ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ òdo; lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 3, ọjọ́ 7, ọjọ́ 14. Àwọn ilé ìwòsàn kan á fi ọjọ́ 28 kún un. Apá ni wọ́n ń gún un sí. Ti inú ikùn tí àwọn àgbà fi ń dẹ́rù bani ti di ìtàn. Fún irú egbò ọmọ yìí, nǹkan kejì tún wà, immunoglobulin, tí wọ́n máa ń gún sínú egbò náà gan-an àti àyíká rẹ̀ láti mú kòkòrò náà níbi tó wà kí ara tó kọ́ ìjà. Ẹ̀ẹ̀kan ni, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ keje lọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ó ṣòro rí, ó wọ́n. Bí wọn kò bá ní i, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àjẹsára lónìí ná, kí ẹ máa wá a kiri. Alábòyún lè gba àjẹsára yìí, ọmọ ọwọ́ lè gbà á.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà ni Joseph Meister, ọmọ Faransé tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Louis Pasteur kọ́kọ́ fún ní àjẹsára dìgbòlugi ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1885, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí ajá gé e jẹ káàkiri ara. Ọmọ náà yè, ó dàgbà. Ohun tí ayé ti mọ̀ láti 1885 ni mo ní kí ẹ gbé ọmọ yín lọ gbà.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ajá.

Ẹ bá mi kí Bàálẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé mo gba ẹ̀rù tó ń bà wọ́n. Lágbàáyé, nǹkan bí 59,000 èèyàn ni wọ́n ṣírò pé dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, ajá ló sì ń kó o ran ẹni 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn òkú náà ni kò tíì pé ọdún 15. Olórí abúlé tí kò bá bẹ̀rù kò yẹ ní olórí. Àmọ́ pípa tí wọ́n fẹ́ pa ajá yẹn kò ní mú ohun tí wọ́n ń wá bọ̀.

Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, àwọn ọdẹ á ti gbé ajá wọn sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ àna àti ìbátan ní abúlé kejì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ní àrùn náà lára, ẹ ti fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò yín nìyẹn. Àwọn tí ẹ máa rí pa ni àwọn tó máa ń sún mọ́ èèyàn, tí wọ́n ń jù ìrù, àwọn gan-an tó rọrùn láti fún ní abẹ́rẹ́. Ìdọ̀tí ẹ̀yìn ọjà àti àkàrà tó jóná ò ní kúrò níbẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ajá ibòmíràn á fi gbọ́ òórùn rẹ̀, á wá jókòó síbẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tó ti wá.

Wọ́n ti dán an wò níbi tó tóbi ju Òkè-Ògùn lọ. Ní 1997, dìgbòlugi wọ erékùṣù Flores ní Indonéṣíà, níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ajá, wọ́n pa tó bí ìdajì gbogbo ajá erékùṣù náà. Àrùn náà kò kúrò. Mẹ́síkò gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n ń fún ajá ní àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún, ìlú dé ìlú, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Mẹ́síkò ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ti fòpin sí kí ajá máa fi dìgbòlugi pa èèyàn.

Ibì kan wà tí èmi àti Bàálẹ̀ ti jọ gbà. Ajá tí wọ́n lù pa yẹn, kó tó gé ọmọ jẹ, ó ṣeé ṣe kó ti bá àwọn ajá mìíràn jà. Ẹ rìn káàkiri lónìí, ẹ béèrè: ajá ta ló ní egbò? Ta ló rí i tí wọ́n ń jà? Ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ rí, tó sì dájú pé ọ̀kan yẹn gé e jẹ, kí dókítà ẹran pa á láìfìyà jẹ ẹ́ ló sàn jù. Olówó rẹ̀ tó bá yarí, àfi kó so ó mọ́lẹ̀ síbi tí ajá tàbí ọmọdé kò ti lè dé, fún oṣù mẹ́fà, kó máa fi igi gígùn ti abọ́ sún mọ́ ọn. Oṣù mẹ́fà! Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé àwọn á ṣe é, tí okùn á já lọ́sẹ̀ kẹta. Èyí tó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́lẹ̀ ní tirẹ̀, kí wọ́n tún un fún un kíákíá, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ.

Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà yín ló mú kí ìdáhùn yìí gùn tó báyìí: “A ò mọ ẹni tó ni ajá náà ní pàtó.” Ìyá alákàrà ń bọ́ ọ. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń bá a ṣeré. Lóru, tó bá gbó, gbogbo yín lẹ ń sùn fọkàn balẹ̀ pé olè kò ní wọlé. Ajá tó ń gbó lóru, ti gbogbo abúlé ni; ọjọ́ tó gé ọmọ jẹ, kò ní olówó mọ́. Ibẹ̀ ni dìgbòlugi ń gbà wọlé, láàárín ẹni tó ń jẹ àǹfààní ajá àti ẹni tó yẹ kó san owó abẹ́rẹ́ rẹ̀. Mo ti dé ilé tí bàbá ní “ajá àwọn ọmọ ni,” tí àwọn ọmọ ní “ajá bàbá ni,” tí ìyá wọn ní òun kì í fọwọ́ kan ajá torí àlùwàlá. Ajá ọ̀hún jókòó sáàárín wa, ó ń wo ẹnu oníkálukú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ajá bàbá mi ń jẹ́ Ẹ̀yìnlàárò. Ẹ mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ̀rọ̀ sí aládùúgbò. Ìwọ̀sí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ nígbà náà: gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tí wọ́n máa lọ bá bí Ẹ̀yìnlàárò bá jẹ adìyẹ wọn. Ajá tó ní orúkọ ní olówó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ ra ìwé ọmọ ilé ìwé kan, kí akọ̀wé, ìyẹn ẹ̀yin fúnra yín, rìn láti ojúlé dé ojúlé. Orúkọ ajá, àwọ̀ rẹ̀, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́, orúkọ àgbàlagbà kan tó sọ pé “èmi ni mo ni ín” níwájú ẹlẹ́rìí. Èyí tí gbogbo ènìyàn bá sọ pé àwọn kò ni, ẹ béèrè ẹni tó ń bọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ìyá alákàrà lóòótọ́ ni, ẹ má di ẹrù lé wọn lórí. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè lè gba ajá bẹ́ẹ̀ bí ajá abúlé, kí àpò ẹgbẹ́ san owó rẹ̀. Mo kàn ní kí ó ní ẹni tó máa dìde tí wọ́n bá pè é.

Lẹ́yìn ìwé, abẹ́rẹ́. Bí ajá méje nínú mẹ́wàá bá gbà á, àrùn náà kì í rí ibi fò sí mọ́. Bí ẹ bá ka ọgọ́ta ajá, ẹ nílò méjìlélógójì, ó kéré tán. Ọmọ ajá tó bá ti pé oṣù mẹ́ta ló yẹ kó gbà á, kí wọ́n tún un ṣe nígbà tó bá di ọdún kan sí i, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bí gbogbo abúlé bá ń gbà á lọ́jọ́ kan náà, ẹ gbé àwọn tó kéré sí oṣù mẹ́ta náà wá, kí ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ nílé. Wọ́n á tún un fún wọn tó bá yá. Ẹ má sọ pé “mo fún un lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn.” Ní abúlé, ajá máa ń kú, òmíràn máa ń dé, abo kan á bí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, abúlé tó gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí, tó bá fi ọdún méjì sílẹ̀, àfi bíi pé kò gbà á rí.

Ta ló máa gún un? Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ dání. Abúlé tó bá mú iye ajá rẹ̀ dání máa ń rí etí gbọ́ ju èyí tó kàn wá bẹ̀bẹ̀ lọ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Nítòsí ọjọ́ yẹn, àwọn ọ́fíìsì ìjọba àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹran, bíi ti Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Abẹ́òkúta, máa ń fún ajá ní abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó ti wà láti 1924, ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ ti ajá ní Nàìjíríà. Kò pọn dandan kó ti òkè òkun wá.

Ẹ má ra abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú báàgì. Inú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2°C sí 8°C ni abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wà láti ilé iṣẹ́ títí dé ara ajá. Lọ́jà kan ní ọjọ́ ọjà, mo rí ọkùnrin kan tó tẹ́ ìgò rẹ̀ sórí tábìlì nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn kòkòrò àti oògùn aràn. Mo fọwọ́ kan ìgò náà, ó gbóná bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́sàn-án. Ó ti tà tó ogún láàárọ̀ yẹn. Ogún olówó ajá gba káàdì, wọ́n lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, omi lásán ló sì wà lára ajá wọn. Ìyẹn burú ju kí wọn má gbà á rárá, torí pé ẹni tó mọ̀ pé ajá òun kò gbà á á ṣọ́ra.

Ní ti ọjọ́ àti àkókò, ẹ̀yin mọ abúlé yín jù mí lọ. Tèmi ni pé kó má jẹ́ ọjọ́ ọjà, kó jẹ́ òwúrọ̀ kùtù kí wọ́n tó gba oko lọ, kí Olúọ́dẹ sì kọ́kọ́ mú tirẹ̀ wá níṣojú gbogbo èèyàn. Bí Olúọ́dẹ bá ti mú tirẹ̀ wá, ìjà tí àwọn ọdẹ ń lérí ti parí. Kí àgbàlagbà di ajá rẹ̀ mú fúnra rẹ̀ lórí okùn, kí ọmọdé má ṣe é. Èyí tó ń kùn, ẹ fi aṣọ dì í lẹ́nu. Ẹ fi ọ̀dà pupa kan èyí tó bá ti gbà á lórí, kí ẹ lè mọ̀ lójú ọ̀nà tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Okùn náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí àwọn ará ìlú ńlá rò. Ajá ọdẹ tí wọ́n so tọ̀sán-tòru kì í wúlò fún ọdẹ, mi ò sì ní parọ́ fún yín pé ẹ máa ṣe é. Kí ajá wà nílé lóru, kó jẹun lójú kan láti ọwọ́ olówó rẹ̀, kó má máa dúró lẹ́nu ilé ìwé nígbà tí ọmọdé bá ń jáde, èyí ṣeé ṣe. Ajá tí ebi ò pa kì í rìn jìnnà. Ìgbà tó yẹ kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ láìṣe àní-àní ni ìgbà tí abo bá ń wá akọ. Akọ mẹ́jọ, mẹ́wàá á péjọ láti abúlé mẹ́ta, wọ́n á máa ya ara wọn jẹ. Bí ọ̀kan péré bá ní dìgbòlugi níbẹ̀, abúlé mẹ́ta ló ti gbé e lọ sílé. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ abo yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Akọ tí kì í ṣe ti ọdẹ, ẹ jẹ́ kí dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Á dẹ́kun ìrìnkèrindò. Àwọn ọdẹ máa ń sọ fún mi pé ajá tí a tẹ̀ lọ́dàá kì í lé ẹran mọ́. Mi ò gbà, ṣùgbọ́n n kò bá wọn fà á.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ ajá tó ti ní in? Gbogbo èèyàn ló mọ oníjàgídíjàgan: ajá tó ń gé igi jẹ, tó ń gé òkúta jẹ, tí ohùn rẹ̀ ti yí padà, tó ń lọ gbọnrangandan láìmọ ibi tó ń lọ, tí kò mọ olówó rẹ̀ mọ́. Onídàákẹ́ ló ń pa èèyàn láìrò tẹ́lẹ̀. Ọdẹ kan gbé ajá rẹ̀ wá bá mi lórí ọ̀kadà. Àgbọ̀n ajá náà sọ̀ kalẹ̀, kò lè pa ẹnu dé, itọ́ rẹ̀ ń kán sí aṣọ ọkùnrin náà. “Dókítà, egungun há a lọ́fun. Mo ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i.” Mo wo ọwọ́ rẹ̀: eyín ti ha á ní ìka méjì, ọkà tó ń gé lóko náà sì ti gé e ní àtẹ́lẹwọ́. Kò sí egungun kankan. Àgbọ̀n ló ti rọ, ọ̀fun ò lè gbé nǹkan mì mọ́. Kí n tó sọ̀rọ̀ ajá ni mo ti fà á lọ sídìí omi pẹ̀lú ọṣẹ. Ó gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ajá tí kò lè pa ẹnu dé, tí kò lè gbé itọ́ mì, tó ń sá sí kọ̀rọ̀, ẹ má tọwọ́ bọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ pè wá.

Ìyẹn ló mú mi dé ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yín ṣe. Ajá tó gé èèyàn jẹ tí ara rẹ̀ yá, ẹ má pa á, bí ẹ bá lè so ó láìfara pa. Ẹ so ó, ẹ bọ́ ọ, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ á ti máa gba abẹ́rẹ́ lọ o, ẹ má dúró de ajá. Ajá tí itọ́ rẹ̀ ti ní kòkòrò lọ́jọ́ tó gé ni jẹ á ti ṣàìsàn tàbí kó kú kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Bó bá pé tí ara rẹ̀ ṣì le, dókítà lè dá abẹ́rẹ́ ọmọ dúró, owó sì dínkù. Èyí tó bá kú tàbí tí ẹ fi tipátipá pa, orí rẹ̀ ni a nílò, kò gbọ́dọ̀ fọ́, nínú kúlà tó ní yìnyín, kí dókítà ẹran fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọpọlọ wò. Tiyín ti lo ọjọ́ márùn-ún nínú oòrùn. Ẹ má wá a lọ, ẹ kàn gbà pé ó ní in.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n fi ń sọ ẹ̀rí nù ni títà. Ajá gé èèyàn jẹ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán olówó rẹ̀ ti tà á fún àwọn alájápípa. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ohun tó ń jẹ. Ajá ni oúnjẹ Ògún, àwọn ará Oǹdó ò sì fi tiwọn pamọ́. Iná tó bá sè é dáadáa á pa kòkòrò náà. Ẹni tó wà nínú ewu ni ẹni tó dì í lẹ́nu mú, tó gé ọrùn rẹ̀, tó la orí rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí ọ̀bẹ ti gé. Ajá tó gé ènìyàn jẹ tàbí tó ṣàìsàn, ẹ fi òfin abúlé dè é: kò ṣeé tà, kò ṣeé pa jẹ, títí ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Irú òfin yìí ni mo fẹ́ kí Bàálẹ̀ fi àṣẹ wọn gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ ajápípa jẹun, kó lọ gba àjẹsára èèyàn ṣáájú, kó má dúró de ìgbà tí wọ́n bá gé e jẹ.

Ewúrẹ́, màlúù, ológbò, gbogbo wọn lè kó o bí ajá bá gé wọn jẹ. Bí ewúrẹ́ bá ń ké láìdákẹ́, tó ń kan ògiri, tí itọ́ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má pa á jẹ. (Àwọn tó máa ń bi mí nípa asín: ní 1968, inú asín ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, ni àwọn onímọ̀ ti rí ìbátan dìgbòlugi kan tí gbogbo ayé ń pè ní Mokola títí di òní. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ajá ni kí ẹ máa bẹ̀rù.)

Ẹ lọ sí ilé ìwé náà. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má sá fún ajá, torí ohun tó ń sá ni ajá ń lé. Kí wọ́n dúró bí igi, kí wọ́n má wò ó lójú. Kí wọ́n má fọwọ́ kan abo tó ń fún ọmọ lọ́mú tàbí ajá tó ń jẹun. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, kí wọ́n má bẹ̀rù láti sọ ọ́ nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi egbò ajá pamọ́ nítorí pé wọ́n ju òkúta lù ú, wọ́n sì mọ̀ pé pàṣán ń dúró. Kí òbí gbé pàṣán jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò sọ ọjọ́ orí ajá yín méjèèjì fún mi, ẹ kò sì sọ bóyá wọ́n ti gba abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí orúkọ wọn ṣáájú nínú ìwé yẹn. Ní ti ọmọ, òní Àbámẹ́ta ni kó gba àkọ́kọ́. Èyí tó tẹ̀lé e bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀kẹta Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ̀kẹrin Àbámẹ́ta tó tẹ̀lé ìyẹn. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀karùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, Àbámẹ́ta náà ni. Ẹ kọ wọ́n sí ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú nọ́ọ̀sì.